Eku, Èlùbọ́ àti Aájò: Ibà Lassa ní Ilẹ̀ Tchaourou

[Orin ìbẹ̀rẹ̀, kí ó rẹlẹ̀ díẹ̀díẹ̀]

Iṣẹ́ tí wọ́n rán mi lálẹ́ yìí ni pé kí n sọ̀rọ̀ lórí àjálù, àti ohun tí ará ìlú lè ṣe kó má baà dé, tàbí bó bá tilẹ̀ dé, kó má baà pa púpọ̀.

Mo mọ̀ pé omíyalé ló ti sọ sí yín lọ́kàn. Ẹjọ́ yín kọ́. Lọ́dún 2010, nínú kọ́múùnù 77 tó wà ní Benin, 55 ni omi dé, ó sì kan nǹkan bí 680,000 ènìyàn. Ṣùgbọ́n òjò tó rọ̀ sínú aginjù tí ẹnikẹ́ni ò gbé, ta ló ń pè é ní àjálù? Ewu ti wà kí a tó dáyé. Ibi tí a kọ́lé sí, bí a ṣe ń pa oúnjẹ mọ́, bí a ṣe ń tọ́jú ara wa, àwọn ló ń sọ ewu di àjálù. Bí ògiri ò bá lanu, alángbá ò ní ráyè wọ̀ ọ́. Ní Tchaourou tiwa níbí, alángbá kọ́ ló wọlé. Eku ni.

[Ìró eku lórí àjà]

Ẹ rántí oṣù kìíní ọdún 2016. Ìròyìn jáde pé ibà kan tí ẹnikẹ́ni ò mọ orúkọ rẹ̀ ń mú àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn níbí. Ẹ gbọ́ mi dáadáa o, àwọn òṣìṣẹ́ ni mo wí. Ẹni tó ń gúnni lábẹ́rẹ́ ló dùbúlẹ̀ yìí. Nígbà tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, ibà Lassa ni. Nígbà tí oṣù kejì fi dé ìdajì, àwọn tí wọ́n kọ orúkọ wọn sílẹ̀ jákèjádò Benin ti di 71. Òótọ́ ni pé ọ̀pọ̀ nínú wọn, ìfura lásán ni, ṣùgbọ́n 23 ti kú. Kì í sì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Lọ́dún 2014, Tanguiéta àti Cobly lọ́hùn-ún ló ti kọ́kọ́ jà, àwọn tó ń tọ́jú aláìsàn sì wà lára àwọn tó bá a lọ.

Ọdún kan lẹ́yìn tiwa, ní oṣù kejì 2017, obìnrin aboyún kan ti Nàìjíríà wá sí ilé ìwòsàn níbí. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un, ọmọ jáde láìpé oṣù, ìyá kú. Bàbá gbé ọmọ, ó di Mango ní Togo. Ibẹ̀ ni wọ́n ti rí àìsàn náà lára ọmọ. Orílẹ̀-èdè mẹ́ta láàárín ọjọ́ díẹ̀! Ta ló máa dá bàbá náà lẹ́bi? Ẹni tí ìyàwó rẹ̀ kú sọ́wọ́ àjèjì, ilé ló máa wá lọ. Ààlà tí ìjọba fà sí orí odò Okpara, àìsàn ò mọ̀ ọ́n, àwa náà ò sì kà á sí nígbà tí a bá ń lọ sọ́jà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn kan fún yín, mo fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀. Lassa, orúkọ ìlú kan ni, ní Borno, Nàìjíríà. Ní oṣù kìíní 1969, nọ́ọ̀sì òyìnbó kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ìjọ níbẹ̀, Laura Wine, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàìsàn. Wọ́n fi ọkọ̀ òfuurufú gbé e lọ sí Jos, ó kú. Charlotte Shaw, nọ́ọ̀sì tó tọ́jú rẹ̀ ní Jos, ẹ̀gún òdòdó ti gún un níka, ìka yẹn ló fi nu ẹnu aláìsàn. Kò pé oṣù kan, òun náà kú. Ẹni kẹta, Penny Pinneo, ó tọ́jú àwọn méjèèjì, ó sì dùbúlẹ̀. Wọ́n gbé e dé New York. Pinneo ò kú o! Jordi Casals tó ń ṣe ìwádìí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ní yunifásítì Yale ló wá kó o. Kí ni wọ́n fi gbà á là? Omi inú ẹ̀jẹ̀ Pinneo ni wọ́n fà sí i lára. Obìnrin náà sì tún padà sí Jos lọ́dún 1970, kó lè fi ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ran àwọn ẹlòmíràn lọ́wọ́. Nígbà tó fi débẹ̀, dókítà Jeanette Troup, tó ṣàyẹ̀wò òkú Shaw, ti bá àìsàn yẹn lọ.

Ẹ ò rí i pé ìtàn Jos àti ti Tchaourou jọra? Lára ẹni tó ń ṣe aájò ni ibà yìí ti máa ń ta jáde. Nítorí náà, bí ilé ìwòsàn ò bá ní ìbọ̀wọ́, àìsàn ò jẹ̀bi, ẹni tí àpò owó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló jẹ̀bi. Mo sọ ọ́, mo tún un sọ.

[Orin díẹ̀]

Ó yá, ká padà sọ́dọ̀ eku. Eku tó ń gbé ibà yìí kiri, abo rẹ̀ lè ní ọmú tó tó 24, ẹ mọ bí yóò ṣe máa bímọ. Kòkòrò àìsàn náà wà nínú ìtọ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀. Bó ṣe ń ṣe nínú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn, àwọn dókítà ní àlàyé gígùn lórí ìyẹn, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀ fún wọn. Ohun tó kàn wá ni èlùbọ́.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn la máa ń sá èlùbọ́ iṣu àti gbáàgúdá, lórí àpáta, lẹ́bàá ọ̀nà, lórí ilẹ̀ lásán. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kan náà la máa ń dáná sun igbó, eku á sì sá wọ̀lú. Kí ni yóò bá? Èlùbọ́. Ó jẹ nínú rẹ̀, ó tọ̀ sí i. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn yẹn náà ni ibà Lassa ń jà jù. Àwọn ọmọdé tó ń dọdẹ eku létí iná ọ̀hún, tí wọ́n ń fi ọwọ́ lásán ya á, ẹ bá mi wí fún wọn. Mo mọ̀ pé ẹran ni, àwa náà jẹ ẹ́ ká tó dàgbà.

Ẹ sá èlùbọ́ sórí pẹpẹ tó ga, ẹ kó o wọlé kílẹ̀ tó ṣú. Kíkó o sínú àpò kò tó, eku ń jẹ àpò; agolo tàbí garawa tó ní ìdérí ni. Ẹ bo oúnjẹ àjẹkù, ẹ dí ihò ara ògiri. Ológbò dáa. Àwo tí eku bá rìn lórí rẹ̀, ẹ fọ̀ ọ́ kí ẹ tó bu oúnjẹ sí i.

Nípa ibà fúnra rẹ̀: nínú mẹ́wàá tó kó o, bí mẹ́jọ ò ní mọ̀, tàbí kó rò pé ibà lásán ni. Ibẹ̀ gan-an ni ìṣòro wà. Ó lè tó ọjọ́ 21 kó tó hàn. Ara gbígbóná, ọ̀nà ọ̀fun dídùn, àyà dídùn, èébì. Ẹ̀jẹ̀ lè wá jáde lẹ́yìn. Nínú àwọn tó yè é, bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ni etí rẹ̀ ń di. Ìtọ́jú tó wà fún un, ìbẹ̀rẹ̀ àìsàn ló ti ń ṣiṣẹ́ jù. Bí ẹ bá lo oògùn ibà fún ọjọ́ méjì tí ara ò sì rọ̀, ẹ gba ilé ìwòsàn lọ, kí ẹ sì jẹ́wọ́ ibi tí ẹ ti ń bọ̀. Bó bá jẹ́ òdìkejì Okpara ni, ẹ sọ ọ́, ẹnikẹ́ni ò ní mú yín. Òkú ẹni tí ibà irú èyí pa…

Ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ ń na ìka méjì sí mi láti ẹ̀yìn gíláàsì, àkókò ti ń tán. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí òkú wíwẹ̀, ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ní aboyún tí ara rẹ̀ ń gbóná nílé lálẹ́ yìí, ti aboyún ló le jù. Ẹ má dúró kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ó dàárọ̀ o.

[Orin ìparí]