Àwọn Oníalùpùpù tí Wọ́n ń Dúró ti Ọlọ́fọ̀: Ẹ̀kọ́ fún Ẹgbẹ́ Wa

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ tó ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí bí ẹgbẹ́ ṣe lè dúró ti ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Àpẹẹrẹ tí mo mú wá jìnnà díẹ̀, Amẹ́ríkà ni ó ti wá. Ṣùgbọ́n bí a bá gbọ́ ọ tán, a ó rí i pé ọ̀rọ̀ ilé wa ni.

Bí ọlọ́kadà ọgọ́rùn-ún bá ń bọ̀ lójú títì kan náà níbí, ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa yóò kọ́kọ́ ṣe ni kí a pe àwọn ọmọ wọlé, kí a sì ti ìlẹ̀kùn. Ní Amẹ́ríkà pẹ̀lú, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń fojú jàǹdùkú wo àwọn onírùngbọ̀n tó wọ aṣọ awọ, tí wọ́n ń gun alùpùpù ńláńlá. Síbẹ̀, láti ọdún 2005, irú wọn gan-an ni ọ̀pọ̀ ìdílé tó ń sin ọmọ wọn tó kú sójú ogun ń retí pé kí wọ́n dé.

BÍ Ọ̀RỌ̀ NÁÀ ṢE BẸ̀RẸ̀

Ní ọdún 2001 ni Amẹ́ríkà wọ ogun ní Afganísítánì. Ní 2003, wọ́n wọ Ìráàkì. Ogun Ìráàkì gba ẹ̀mí ọmọ ogun wọn tó ju 4,400 lọ. Ti Afganísítánì, tó parí ní 2021, gba èyí tó ju 2,400 lọ. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ikú ogun ní í pa akíkanjú, ikú odò ní í pa òmùwẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ náà ló wá láti ìlú kékeré, níbi tí gbogbo ènìyàn ti mọ ara wọn. Bí wọ́n bá gbé pósí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ dé, gbogbo ìlú ni ọ̀fọ̀ ṣẹ̀.

Ìjọ kékeré kan wà ní Topeka, ní ìpínlẹ̀ Kansas, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Westboro Baptist Church. Fred Phelps, tó kú ní 2014, ló dá a sílẹ̀ ní 1955, ọ̀pọ̀ ọmọ ìjọ náà ló sì jẹ́ ọmọ àti ọmọ-ọmọ rẹ̀. Ẹ má dà wọ́n pọ̀ mọ́ àwọn ìjọ onítẹ̀bọmi tí a mọ̀ o. Wọ́n dá dúró ni. Ìwàásù wọn ni pé Ọlọ́run ń fi ikú sójà jẹ Amẹ́ríkà níyà nítorí pé ó gba ìfẹ́ ọkùnrin sí ọkùnrin àti obìnrin sí obìnrin láàyè. Ní 2005, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lọ síbi ìsìnkú àwọn sójà, wọ́n ń gbé pátákó tí a kọ ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ sí pé sójà kú. Ẹ fojú inú wo ìyá tó ń tẹ̀lé pósí ọmọ rẹ̀, tó gbójú sókè, tó sì ka irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

Lọ́dún 2005 yẹn kan náà, àwọn oníalùpùpù kan ní Mulvane, ìlú kékeré ní Kansas, pinnu pé àwọn kò ní wò ó níran. Wọ́n wà lábẹ́ American Legion, ẹgbẹ́ àwọn tó ti ṣe iṣẹ́ ológun rí. Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ náà fi tàn kálẹ̀, tó sì di ẹgbẹ́ tí a ń pè ní Patriot Guard Riders, tó ní ọmọ ẹgbẹ́ káàkiri Amẹ́ríkà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ti ja ogun Vietnam. Nígbà tí àwọn darí dé láti ogun yẹn, ọ̀pọ̀ kò rí ẹni kí wọn káàbọ̀. Èébú ni àwọn mìíràn gbà. Ìyà tó jẹ wọ́n ni wọn kò fẹ́ kó jẹ ọmọ ẹlòmíràn.

ÌLÀNÀ MẸ́TA TÍ WỌ́N Ń TẸ̀LÉ

Ìkíní: wọn kì í lọ àfi bí ẹbí òkú bá pè wọ́n. Bí ẹbí bá ní àwọn kò fẹ́, ọ̀rọ̀ parí.

Ìkejì: wọn kì í béèrè bóyá o fara mọ́ ogun tàbí o kò fara mọ́ ọn, ẹgbẹ́ òṣèlú kankan kò sì kàn wọ́n. Kódà, ẹni tí kò ní alùpùpù lè wà lára wọn. Kó wa ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ rẹ̀ wá.

Ìkẹta: wọn kì í jà, wọn kì í sì rú òfin.

Báwo wá ni iṣẹ́ náà ṣe ń lọ? Wọ́n máa ń tẹ̀lé ọkọ̀ òkú láti pápá ọkọ̀ òfurufú dé ilé ìsìn, láti ilé ìsìn dé itẹ́. Ní ẹnu ọ̀nà, wọ́n á tò sí ọ̀tún àti òsì, olúkúlùkù pẹ̀lú àsíá ńlá lọ́wọ́, kí ẹbí lè gba àárín wọn kọjá. Bí àwọn elébùú bá wà níbẹ̀, wọ́n á kọ ẹ̀yìn sí wọn, wọ́n á fi àsíá dí ojú pátákó. Bí igbe èébú bá pọ̀ jù, wọ́n á tẹ iná alùpùpù wọn kí ariwo rẹ̀ lè bò ó mọ́lẹ̀. Ní ibi itẹ́, àwọn ológun fúnra wọn ló ń ṣe ètùtù tiwọn. Láti ọdún 2000 ni òfin wọn ti là á sílẹ̀ pé, bí ẹbí bá béèrè, ó kéré tán sójà méjì gbọ́dọ̀ wá, kí wọ́n ká àsíá, kí wọ́n fà á lé ẹbí lọ́wọ́, kí fèrè ìdágbére sì dún. Àwọn oníalùpùpù yóò dúró lókèèrè. Owó epo ti ara wọn ni wọ́n ń ná.

IBI TÍ AGBÁRA ÒFIN MỌ

Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo ṣiṣẹ́ ìjọba títí mo fi fẹ̀yìn tì. Mo mọ iyì òfin, mo sì mọ ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Ní oṣù kẹta ọdún 2006, ọmọ ogun kan tó ń jẹ́ Matthew Snyder kú ní Ìráàkì. Nígbà ìsìnkú rẹ̀ ní Westminster, ní ìpínlẹ̀ Maryland, Phelps àti ọmọ ìjọ rẹ̀ mẹ́fà dúró sórí ilẹ̀ ìjọba pẹ̀lú pátákó wọn, ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà 1,000 sí ilé ìsìn. Orí pátákó nìkan ni baba ọmọ náà, Albert Snyder, rí lọ́jọ́ yẹn. Ìgbà tó wo ìròyìn ló tó ka ohun tí wọ́n kọ. Ó pè wọ́n lẹ́jọ́. Ní 2007, ìgbìmọ̀ adájọ́ra ní kí wọ́n san dọ́là mílíọ̀nù 10.9 fún un. Adájọ́ dín in kù sí mílíọ̀nù 5, kóòtù kòtẹ́milọ́rùn sì fagi lé gbogbo rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹta ọdún 2011, mẹ́jọ nínú adájọ́ mẹ́sàn-án ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ ní Amẹ́ríkà dá àwọn Phelps láre. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ náà burú, ó sì ń dunni, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó kan gbogbo ìlú ni, ojú ọ̀nà ìjọba sì ni wọ́n ti sọ ọ́. Òfin ilẹ̀ dáàbò bò ó. Adájọ́ Alito nìkan ló yapa.

Èrò tèmi ni pé kóòtù kò ṣìnà. Ìjọba tó bá lè pa ẹni burúkú lẹ́nu mọ́ lónìí lè pa ẹni rere lẹ́nu mọ́ lọ́la. Àwa tí a gbé ayé lábẹ́ ìjọba ológun ní Nàìjíríà kò nílò ẹlẹ́rìí lórí èyí. Ṣùgbọ́n ẹ̀dùn ọkàn baba yẹn náà kì í ṣe irọ́. Òfin gbìyànjú: ní oṣù karùn-ún ọdún 2006, Ààrẹ Bush fọwọ́ sí òfin pé a kò gbọ́dọ̀ ṣe irú ìwọ́de bẹ́ẹ̀ ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà 300 sí itẹ́ òkú ìjọba àpapọ̀, láti wákàtí kan ṣáájú ìsìnkú títí di wákàtí kan lẹ́yìn rẹ̀. Ní 2012, wọ́n sọ ọ́ di wákàtí méjì. Òfin lè wọn ilẹ̀, ó lè wọn àkókò. Kò lè di ìyá ọlọ́fọ̀ lọ́wọ́ mú. Ènìyàn ló ń ṣe ìyẹn, ohun tí àwọn oníalùpùpù náà sì ṣe nìyẹn. Wọn kò pa elébùú lẹ́nu mọ́. Wọ́n kàn dúró láàrin òun àti ẹni tó ń sunkún.

N kò sọ pé wọn kò lábùkù. Ariwo alùpùpù náà ariwo ni, ìdílé mìíràn sì lè fẹ́ kí ibi ìsìnkú dákẹ́ rọ́rọ́. Ìdí nìyẹn tí ìlànà àkọ́kọ́ wọn fi ṣe pàtàkì jùlọ.

Ẹ̀KỌ́ FÚN WA

Àwa tí a wà ní ẹ̀yìn odi mọ ohun tí ọ̀nà jíjìn jẹ́. Bí ikú bá pa ọ̀kan nínú wa níbí, ìrìn àjò ńlá ni kí a tó gbé e délé. A mọ aṣọ ẹbí í rà, a mọ oúnjẹ í sè. Mo wá dá àbá mẹ́ta.

Kí á tó ṣe ohunkóhun, kí àgbà méjì, ọkùnrin kan àti obìnrin kan, lọ bi ẹbí léèrè pé, kí ni ẹ fẹ́? Kì í ṣe ohun tó máa gbé ẹgbẹ́ níyì là ń wá.

Kí á ní orúkọ àwọn tó ṣetán láti bá òkú rìn dé ilé, pẹ̀lú ọkọ̀ tó dára àti epo tí wọ́n fúnra wọn rà, kí ọjọ́ tó pé. Ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí.

Kí á fi òṣèlú, ìjà ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí, àti aáwọ̀ ìlú sí ilé lọ́jọ́ náà. Bí ẹnikẹ́ni bá wá bú òkú tàbí ẹbí rẹ̀, ẹ má dá a lóhùn. Ẹ dúró ti ọlọ́fọ̀.

Àfikún kan ló kù. Ọjọ́ 15 oṣù kìn-ín-ní ọdọọdún ni Nàìjíríà fi ń rántí àwọn ọmọ ogun tó ti kú. A máa ń gbọ́ ọ lórí rédíò, a máa ń rí i tí wọ́n ń tú ẹyẹlé sílẹ̀. Bí opó sójà tàbí òbí sójà bá wà láàrin wa, ẹ jẹ́ kí á tọ̀ wọ́n lọ ní ọjọ́ náà. Ká jókòó tì wọ́n. Kò gba owó.

Ìwé wà lórí tábìlì akọ̀wé wa ní ẹ̀gbẹ́ ìlẹ̀kùn. Ẹni tó bá lè bá wa rìn, kó kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ kó tó lọ. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí á tètè lò ó.