Okùn Tí Ó Yẹ Ajá Alágbára

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó mọ òwe yìí, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń sin ajá ńlá láàárín ìlú ni ó yẹ kí ó rò ó jù lọ. Ọdẹ tí ó bá ajá rẹ̀ wọ igbó lè tú u sílẹ̀, nítorí pé ọ̀yà àti òkété ni ajá náà yóò lé níbẹ̀. Ìgboro Ìbàdàn tàbí ti Abẹ́òkúta kò rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ iléèwé ń bọ̀, ọlọ́kadà ń kọjá, ewúrẹ́ ń jẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà. Bí ajá bá fò sí wọn, tí kò sì gbọ́ ìpè olówó rẹ̀ mọ́, okùn nìkan ni ó kù tí ó lè dá a dúró.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ajá tí a fi ń ṣọ́ ilé lóde òní kì í ṣe ajá kékeré. Rottweiler, tí ó ti ilẹ̀ Jámánì wá, lè wọ̀n tó kìlógíráàmù 50, Boerboel ti Gúúsù Áfíríkà sì lè ju èyí lọ. Ní ti eré sísá, ajá Greyhound lè sá ju kìlómítà 60 lọ ní wákàtí kan. Usain Bolt, tí ó sá eré mítà 100 ní ìṣẹ́jú-àáyá 9.58 ní ìlú Berlin ní ọdún 2009, kò lè bá a. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé e pé òun yóò sáré mú ajá bí ó bá já.

Ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí a wò ni gígùn okùn. Èyí tí ó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 4 sí 6 ni ó dára fún ìgboro. Bí okùn bá gùn jù, ajá yóò ti ki eré mọ́lẹ̀ kí ó tó dé òpin rẹ̀, agbára eré náà ni yóò sì já okùn, tàbí kí ó gbé ẹni tí ó dì í mú ṣubú. Okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tí ń ká ara rẹ̀ sínú ike kò yẹ ajá alágbára rárá. Bí ó bá ń sáré jáde, ó lè gé ọwọ́ bí ọ̀bẹ.

Èkejì ni ohun tí a fi ṣe okùn náà. Awọ tí ó nípọn a máa tu ọwọ́ lára, ṣùgbọ́n ó ń fẹ́ kí a máa fi òróró pa á kí ó má baà gbẹ kí ó sì là. Náílọ́nù fífẹ̀ lágbára, òjò kò sì bà á jẹ́, ṣùgbọ́n oòrùn ọjọ́ pípẹ́ a máa sọ ọ́ di ahẹrẹpẹ. Ṣéènì kò ṣeé fi eyín jẹ já, ṣùgbọ́n ó wúwo, ó sì ń bó ọwọ́ ẹni tí ó bá fa á.

Síbẹ̀, ibi tí ó bá ti tẹ́ẹ́rẹ́ ni okùn ti ń já. Okùn lè dára kí ìkọ́ rẹ̀ má dára. Ìkọ́ irin tí ó ní ìpáàrà, tàbí tí ọmọ ìka kan lè tẹ̀ ṣí wẹ́rẹ́, kò tó fún ajá ńlá. Èyí tí a ń yí ẹnu rẹ̀ pa ni ó dájú jù. Kí a wo ojú rírán pẹ̀lú, àti òrùka irin tí ìkọ́ ń kọ́.

Bẹ́líìtì ọrùn pàápàá ní ọgbọ́n tirẹ̀. Kí ó fún débi pé ìka méjì péré ni yóò wọ abẹ́ rẹ̀. Ọrùn Greyhound tóbi bí orí rẹ̀, bẹ́líìtì lásán sì lè bọ́ lórí rẹ̀ bí ó bá fà sẹ́yìn. Irú ajá bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ bẹ́líìtì tí ń fún díẹ̀ nígbà tí a bá fa á, tí kò sì ní fún un lọ́rùn pa.

Kí olówó ajá tó jáde nílé, kí ó so okùn mọ́ òpó, kí ó sì fi gbogbo ara fa á. Ó sàn kí ó já lára òpó ju kí ó já lójú títì lọ. Kí ó má ṣe wé okùn mọ́ ìka, kí ó má sì ṣe fi ajá tí ó lágbára ju ọmọdé lọ lé ọmọdé lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti okùn lásán. Ajá ni ó ń fa èyí tí ó tó 99 nínú 100 àrùn dìgbòlugi tí ń ran ènìyàn, bí àmì àrùn náà bá sì ti hàn, ekukáká ni ènìyàn fi ń là á. Nítorí náà, kí ajá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára kí ó tó rìn láàárín ọ̀pọ̀ ènìyàn. Bí ó bá ti bu ẹnikẹ́ni jẹ, kí a fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ọgbẹ́ fún ìṣẹ́jú 15, kí a sì tètè lọ sí ilé ìwòsàn.

Àwọn ọmọ Yorùbá tí ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù mọ̀ pé òfin ń bẹ lórí èyí. Òfin ọdún 1992 sọ ọ́ di dandan níbẹ̀ pé kí orúkọ àti àdírẹ́sì olówó ajá wà lára bẹ́líìtì ọrùn ajá tí ó bá jáde síta. Láti ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá, ọdún 2023, ajá XL Bully kò gbọdọ̀ jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales láìsí okùn lọ́rùn àti ìdè lẹ́nu.

Okùn kì í ṣe ìyà fún ajá. Òun ni ó jẹ́ kí ajá alágbára lè bá ènìyàn rìn ní àlàáfíà, kí ó sì padà wálé. Bí ajá bá já, olówó rẹ̀ ni aládùúgbò yóò bá wí. Kí olúkúlùkù tètè wo okùn ọwọ́ rẹ̀ lónìí, kí ó tó di ọjọ́ tí ajá kò ní gbọ́ fèrè.