Ìlù Tó Ń Sáré, Orin Tó Ń Fa Àárò

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé orin tó bá máa fa àárò gbọ́dọ̀ falẹ̀. "Ditto", tí NewJeans, àwọn ọ̀dọ́bìnrin márùn-ún ní Kòríà Gúúsù, gbé jáde ní ọjọ́ 19 oṣù Kejìlá ọdún 2022, fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ìlù rẹ̀ yára. Irú èyí tí wọ́n ń pè ní Baltimore club ni, ìlù ijó láti ìlú Baltimore ní Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n lórí ìlù yìí, ẹ̀rọ orin synthesizer ń fa ohùn gígùn, tó rọ̀ bí ìkùukùu òwúrọ̀, àwọn ọmọ náà sì ń kọrin jẹ́jẹ́, láìpariwo rárá. Inú àìdọ́gba yìí gan-an ni mo gbà pé àárò náà ti ń wá: ẹsẹ̀ fẹ́ jó, ọkàn ń wẹ̀yìn.

Ẹlòmíràn lè ní fídíò rẹ̀, tó dà bí àwòrán kámẹ́rà àtijọ́, ló ń múni sunkún. Ó ràn án lọ́wọ́ lóòótọ́, àmọ́ ẹ dijú, kí ẹ gbọ́ orin náà nìkan: àárò yẹn ṣì wà níbẹ̀. Ẹ tún wo olórin tó ń jẹ́ 250, tó lọ́wọ́ nínú ṣíṣe orin náà. Ọdún 2022 kan náà ló gbé àwo "Ppong" jáde, níbi tó ti fi ẹ̀rọ ìgbàlódé tún ppongjjak gbé yẹ̀ wò, orin àtijọ́ Kòríà tí ìbànújẹ́ àti ijó ti jọ ń gbé pọ̀. Kì í ṣe èèṣì rárá pé ijó àti àárò pàdé nínú "Ditto". Ẹ wá àwo yẹn àti "Ditto" gbọ́. Ìlù ni kí ẹ kọ́kọ́ fetí sí.