Ẹ́ńjìnnì Dísẹ́ẹ̀lì àti Àwọn tí Ń Ya Àwòrán Rẹ̀ ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Ẹ fi ojú inú wo ìpẹ̀kun pèpéle ibùdó ọkọ̀ ojú irin ńlá kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ọjọ́ Sátidé, ní nǹkan bí ọdún 1960. Àwọn ọmọdékùnrin pọ̀ níbẹ̀. Wọn kò rìnrìn-àjò, wọn kò sì wá pàdé àlejò. Ìwé kékeré wà lọ́wọ́ wọn, pẹ́ńsù wà létí wọn. Bí ẹ́ńjìnnì kan bá ti kọjá, wọn a wo nọ́mbà ara rẹ̀, wọn a sì fa ìlà sí abẹ́ nọ́mbà náà nínú ìwé. Ẹni tí ó bá fa ìlà sí gbogbo nọ́mbà ojú ewé kan tán, ọba ni láàrin ẹgbẹ́ rẹ̀. Ian Allan ni ó tẹ àkọ́kọ́ irú ìwé bẹ́ẹ̀ jáde ní 1942. Akọ̀wé ni ní ilé-iṣẹ́ rélùwéè kan ní Lọ́ńdọ̀nù. Lẹ́tà àwọn tí ń béèrè ọ̀rọ̀ nípa ẹ́ńjìnnì ni ó sú u, ni ó bá to nọ́mbà wọn jọ. Àwọn ọ̀gá rẹ̀ kò fẹ́ náwó sí i. Òun fúnra rẹ̀ ni ó tẹ̀ ẹ́.

Ìwé àti pẹ́ńsù kò wọ́n. Fíìmù ni ó wọ́n. Kámẹ́rà Brownie 127 tí ọ̀pọ̀ ọmọ ń lò, àwòrán mẹ́jọ péré ni fíìmù rẹ̀ ń gbà, kò sì lè mú ohun tí ń sáré: bí ọkọ̀ bá ń lọ, àwòrán a dàrú bí ohun tí a wò láti abẹ́ omi. Nítorí náà ọmọ a dúró títí ẹ́ńjìnnì yóò fi dúró, a kọ ẹ̀yìn sí oòrùn, a sì bi ara rẹ̀ bóyá ó yẹ kí òun ná ọ̀kan nínú mẹ́jọ sórí èyí. Ìbéèrè yìí ni ó pinnu ohun tí àwọn ará ẹ̀yìn yóò rí.

Ní 1955 ni ilé-iṣẹ́ rélùwéè ìjọba gbé ètò ńlá kalẹ̀ pé kí dísẹ́ẹ̀lì àti iná mànàmáná gba ipò èédú. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹjọ ọdún 1968, ilé-iṣẹ́ náà fi ẹ́ńjìnnì eléèédú fa ọkọ̀ akérò rẹ̀ tí ó kẹ́yìn lójú irin ńlá. Àwọn awòkọ̀ kò yọ̀ mọ́ àlejò tí ó dé. Lójú ọ̀pọ̀ wọn, àpótí aláwọ̀ ewé lásán ni dísẹ́ẹ̀lì: irin tí ń yí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò hàn síta, iwájú àti ẹ̀yìn ọ̀pọ̀ nínú wọn rí bákan náà, òun ni ó sì lé ẹni tí wọ́n fẹ́ràn lọ. Bí ó bá ń kọjá, kámẹ́rà a wà nínú àpò. Yorùbá ní ohun tí a ní ni a ń náání. Ohun tí ń lọ ni àwọn wọ̀nyí ń náání.

Kì í ṣe àwòrán nìkan ni ó bá a lọ. Ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì àkọ́kọ́ fún ojú irin ńlá ilẹ̀ náà, tí nọ́mbà rẹ̀ jẹ́ 10000, jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 1947. 10001 tẹ̀ lé e ní 1948. Ní 1968, nígbà tí àwọn ènìyàn ń dáwó jọ láti gba ẹ́ńjìnnì eléèédú sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn agérin, a gé àwọn méjèèjì wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Lónìí ẹgbẹ́ kan ń sapá láti kọ́ irú 10000 mìíràn.

Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tí kò mọ èédú dàgbà, wọ́n sì rí ẹwà tiwọn. Deltic ni olórí rẹ̀. Méjìlélógún ni wọ́n, ọdún 1961 àti 1962 ni wọ́n jáde, wọ́n sì ń sáré máìlì 100 ní wákàtí kan láàrin Lọ́ńdọ̀nù àti Edinburgh. Ẹ̀rọ méjì ni ó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, agbára wọn lápapọ̀ jẹ́ ti ẹṣin 3,300. Sílíńdà 18 inú ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ni a tò ní igun mẹ́ta bíi Delta, lẹ́tà àwọn ará Gíríìkì. Ibẹ̀ ni orúkọ náà ti wá. Fún ọkọ̀ ogun ojú omi ni a kọ́kọ́ ṣe irú ẹ̀rọ náà. Bí Deltic bá gbéra ní King's Cross, a kùn bí agbo oyin, èéfín a sì bo pèpéle. Mẹ́jọ nínú wọn ń jẹ́ orúkọ ẹṣin sáré-ìje. Orúkọ ẹgbẹ́ ọmọ ogun ni àwọn ìyókù ń jẹ́.

Olùkọ́ ìtàn kò ní ṣàì rí ẹ̀kọ́ nínú àwọn fọ́tò díẹ̀ tí ó kù láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí ara ẹ́ńjìnnì bá jẹ́ ewé látòkèdélẹ̀ láìsí àmì ìyeyè níwájú, ó ṣeé ṣe kí ó ṣáájú 1962. Bí ó bá jẹ́ búlúù, lẹ́yìn àárín ọdún 1960 ni. Àmì mẹ́rin tí ó wà ní iwájú rẹ̀, nọ́mbà àti lẹ́tà, ń sọ irú ọkọ̀ tí ó ń fà àti ibi tí ó ń lọ. Láti 1976 ni wọn kò ti fi í hàn mọ́. D9009 ti 1961 kan náà ni ó di 55009 lẹ́yìn tí wọ́n yí nọ́mbà padà. Ọmọ tí ó ná fíìmù rẹ̀ kò mọ̀ pé ẹ̀rí ni òun ń kó jọ.

Ní ọjọ́ 2 oṣù Kìíní ọdún 1982, Tulyar fa ọkọ̀ ìdágbére láti King's Cross lọ sí Edinburgh, Royal Scots Grey sì fà á padà. Èrò kún pèpéle, kámẹ́rà kò lóǹkà. Mẹ́fà nínú méjìlélógún ni a gbà sílẹ̀. Ọkọ̀ tí ó gba iṣẹ́ wọn, tí wọ́n ń pè ní InterCity 125, ti ń sáré lójú irin kan náà láti 1978. Ó pẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó kà á sí ohun àyàfíìmù. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2019 ni ó dágbére fún King's Cross, àwọn tí ó ní kámẹ́rà lọ́wọ́ sì tún dúró sí ìpẹ̀kun pèpéle.