Ilé-Ọmọ àti Orúkọ Àgàn

Ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé, 'ilé-ọmọ' ni Yorùbá ń pe ibi tí oyún ń gbé. Bí ilé bá wó, a kì í pe onílé ní àlàpà. Ṣùgbọ́n bí ilé-ọmọ bá bàjẹ́, àgàn ni à ń pe obìnrin. Ní 2020, àwọn onímọ̀ Wake Forest ní Amẹ́ríkà ròyìn pé àwọn gbin sẹ́ẹ̀lì ara ehoro kọ̀ọ̀kan sórí ohun tí ń yọ́ nínú ara, àwọn sì fi tún apá ilé-ọmọ rẹ̀ tí àwọn gé kúrò kọ́. Nínú ehoro 10, 4 bímọ láàyè láti ibẹ̀. Ehoro ni, kì í ṣe ènìyàn. Síbẹ̀, mo rọ̀ wá kí a gba orúkọ náà kúrò lára obìnrin: ilé ló bàjẹ́, kì í ṣe onílé.