Ọjà Rìn, Òṣìṣẹ́ Dúró

Ta ni ó ń ná ọjà ní Ìbarà tí kò mọ àpò onílà tí à ń pè ní “Ghana Must Go”? Ní 1979, ní Dakar, àwọn ìjọba ECOWAS fọwọ́ sí i pé kí ọmọ ilẹ̀ kan máa wọ ilẹ̀ kejì fún 90 ọjọ́ láìgba físà. Àṣẹ ìwọlé nìyẹn, kì í ṣe àṣẹ iṣẹ́. Owó epo rọ̀bì fa òṣìṣẹ́ wá. Nígbà tí owó náà gbẹ, ní oṣù kìíní ọdún 1983, ìjọba wa ní kí àwọn tí kò ní ìwé jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹrù wọn ni ó sọ àpò náà lórúkọ. Gbogbo wa ni a fẹ́ kí ọjà rìn fàlàlà. Ẹni tí ó ń ṣe ọjà náà ńkọ́? Àbí a ti gbàgbé 1969, nígbà tí ìjọba Busia ní Gánà fún àwọn ènìyàn wa tí kò ní ìwé ní ọ̀sẹ̀ méjì kan náà?