Ààlà Tí Onífọ́tò Fi Ọwọ́ Ara Rẹ̀ Fà
Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ gbangba tí a ṣe ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀

Ohun tí mo gbé wá kò ju ọ̀kan lọ, pé onífọ́tò tí ó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa ààlà yí iṣẹ́ rẹ̀ ká, tí ó ní èyí ni n ó yà, èyí ni n kò ní yà, tí kò sì yẹ ọ̀rọ̀ náà bí ó ti wù kí ohun tí ó wà lódìkejì wọ̀ ọ́ lójú tó, òun ni ojú rẹ̀ ń là sí ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń wò láìrí.

Olóògbé J. D. 'Okhai Ojeikere, onífọ́tò, ni mo pè ní ẹlẹ́rìí. Ọdún 1930 ni a bí i ní Ovbiomu-Emai, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Ìpínlẹ̀ Ẹdó lónìí. Ní 1950 ni ó ní Brownie D, kámẹ́rà pọ́ọ́kú kan tí kò ní àrà lára. Ní 1954 ó di ọmọ iṣẹ́ nínú yàrá òkùnkùn tí wọ́n ti ń fọ fọ́tò fún Ilé-iṣẹ́ Ìròyìn ní Ìbàdàn, ó sì bá ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn dá sílẹ̀ ní 1959 ṣiṣẹ́, kí ó tó di ará Èkó. Ní 1968 ni ó wá dáwọ́ lé iṣẹ́ tí orúkọ rẹ̀ fi kàn: irun orí àwọn obìnrin wa, ní dúdú àti funfun, láìsí ohun kan lẹ́yìn orí náà tí ó lè gba ojú ẹni, ẹ̀yìn orí ni ó sì sábà máa ń dúró sí.

Ẹ rò ó wò bí ìpinnu yìí ti le tó. Nítorí ojú ni gbogbo ayé fi ń lọ sílé onífọ́tò. Ojú ni a ń bọ́, ojú ni a ń lé tìróò sí, ojú náà sì ni Ojeikere sábà máa ń kọ̀ láti yà. Àwọn àgbà ní ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí, ẹni ẹlẹ́ni ní í báni rí tẹni. Ojeikere di ẹni ẹlẹ́ni náà fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ obìnrin, nítorí àwọn fọ́tò irun yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 1,000 kí ó tó jáwọ́. Nígbà tí kò sì sí ojú tí yóò máa fà wá mọ́ra mọ́, ni a tó rí bí ìlà tí onídìrí fi ìyàrun fà ti tọ́ tó, bí òwú dúdú ti wé irun títí irun fi gbàgbé pé rírọ̀ ni wọ́n dá òun, bí irun tí a ń pè ní Òjò-ńpetí ti rọra tẹ̀ sí ẹ̀bá etí, bí irun Onílé-gogoro sì ti ń gòkè bí ẹni pé kò ní sọ̀ mọ́.

Ohun kan tún wà níbẹ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ dì mú ṣinṣin. Bí ó bá jẹ́ pé iwájú ni ó ti ya ti èkíní, tí ó gun orí àga ya ti èkejì, tí ó sì fi ọjà Jankara ṣe ẹ̀yìn fún ẹ̀kẹta, ìyàtọ̀ tí à bá máa rí ni ìyàtọ̀ ibi tí onífọ́tò dúró sí, kì í ṣe ti ọgbọ́n ọwọ́ onídìrí. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìdúró àti ìmọ́lẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà, irun nìkan ni ó kù tí ó ń yí, gbogbo ìyàtọ̀ rẹ̀ sì hàn gbangba. Àìyípadà onífọ́tò ni ó jẹ́ kí a rí ìyípadà ohun tí ó ń yà. Ìdí rèé tí orí àwọn obìnrin wa fi dé ilé àfihàn iṣẹ́ ọnà Fondation Cartier ní Paris ní ọdún 2000, tí wọ́n sì dé àfihàn iṣẹ́ ọnà Venice ní 2013, ọdún kan kí ọlọ́jọ́ tó dé bá a.

Ààlà mìíràn wà tí kì í ṣe onífọ́tò ni ó fà á. Ní Bamako, Seydou Keïta, tí ó ṣí ilé fọ́tò rẹ̀ ní 1948, sábà máa ń ya oníbàárà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, nítorí owó fíìmù. Nítorí náà gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ ni ó ń parí kí ó tó tẹ kámẹ́rà, tí yóò tún ìjókòó ṣe, tí yóò yí àgbọ̀n sí ìmọ́lẹ̀, aṣọ ìtẹ́bùsùn rẹ̀ ni ó sì kọ́kọ́ ta sẹ́yìn àwọn èèyàn rẹ̀. Nílé wa níhìn-ín, ikú ni ó fa ààlà tirẹ̀. Stephen Sprague, tí ó ṣe ìwádìí ní Ìlá-Ọ̀ràngún ní 1975, kọ̀wé pé bí ọ̀kan nínú ẹ̀jìrẹ́ bá ti padà sọ́run kí a tó ya fọ́tò wọn, èyí tí ó kù ni onífọ́tò ń yà, tí yóò tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì sórí ìwé kan náà, kí Táyé àti Kẹ́hìndé lè jókòó pọ̀. Bí ó bá sì jẹ́ ọkùnrin àti obìnrin, ọmọ kan náà ni yóò wọ aṣọ tirẹ̀, tí yóò sì tún wọ ti èkejì rẹ̀. Èyí wọ̀ mí lákínyẹmí ara. Kò sí ẹni tí ó lè ya òkú ọmọ padà sí ààyè, síbẹ̀ ìyá gba fọ́tò tí ó ń wá.

Ṣùgbọ́n ààlà tí àìní bá fà, bí àìní bá ti lọ, òun náà lọ. Lónìí, a lè fi fóònù ya ọgọ́rùn-ún fọ́tò láìná kọ́bọ̀, ìyẹn ni mo fi ń sọ pé dandan ni kí onífọ́tò òde òní fúnra rẹ̀ fa tirẹ̀. Níbi àjọ̀dún Ojúde Ọba, ní ọjọ́ kẹta Iléyá, mo máa ń rí àwọn ọmọ wa tí wọ́n ń sáré tẹ̀lé ẹṣin, tí wọ́n ń padà sọ́dọ̀ ẹgbẹ́ rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, tí wọ́n tún ń lé oníbọn. Ẹni tí ó lé eku méjì á pòfo. Kí ẹnìkan mú ẹgbẹ́ kan ṣoṣo, kí ó dúró sí ẹsẹ̀ ògiri kan, kí ó sì máa ya fìlà nìkan, láti òwúrọ̀ títí wọn yóò fi túká. Kí ó tún ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dún tí ń bọ̀.

Bí ẹ bá ń bẹ̀rù pé ààlà náà lè di ẹ̀wọ̀n, ẹ rántí pé Ojeikere kan náà ya gèlè, ó sì ya àwọn ilé Èkó, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú òfin tirẹ̀. Níhìn-ín ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀, irun olówùú kò wọ́pọ̀ lórí àwọn ọmọbìnrin mọ́, ṣùgbọ́n àwọn ìyá tí ó mọ̀ ọ́n kó ṣì wà láàyè. Ẹ tọ̀ wọ́n lọ, ẹ ya ọwọ́ wọn bí wọ́n ti ń kó o, ẹ má ya ohun mìíràn, kí ẹ sì kọ orúkọ tí wọ́n bá pe irun kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀yìn fọ́tò rẹ̀ ní ọjọ́ náà gan-an.